Ọmọ tó ń ti Ítálì bọ̀ wálé: ibi tí ẹ lè gbé e lọ ní Ìlọrin, àti ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ṣáájú

Ọ̀rọ̀ ìdílé ni mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ má bínú pé kì í ṣe ti òṣèlú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Bologna, lórílẹ̀-èdè Ítálì, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ń bọ̀ wálé ní Kérésì o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo la lè máa gbé àwọn ọmọ yìí lọ? Mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní Fate bíi ti ìjọsí." Ọmọ méjì ló ní: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èkejì ò tíì pé ọdún méjì.

Ó ti sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tìyá-tọmọ á bọ́ sí gbàgede ìlú. Bologna ní àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé tí wọ́n kọ́ mọ́ iwájú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èyí tó wà láàárín ìlú nìkan lé ní kìlómítà 30, UNESCO sì fi wọ́n kún ogún àgbáyé ní 2021. Oòrùn ò ní pa wọ́n, òjò ò ní pa wọ́n, wọ́n á máa ti ọmọ lọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ó gbé irú kẹ̀kẹ́ yẹn wá nígbà tó wálé ní 2022. Ẹ ò rí nǹkan! Kí a tó dé títì Fate, táyà kan ti há sínú gọ́tà. Àwọn ọmọ àdúgbò ní ọmọlanke òyìnbó ni. Ọ̀já la padà fi pọn ọmọ. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ kó dúró sí Bologna.

Ibi tí mo máa kọ́kọ́ mú wọn lọ ni ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì Ìlọrin. Láti Fate, ẹ gba Tanke, ẹ kọjá Òkè-Odò, ẹ wọ ọgbà yunifásítì. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà níbẹ̀, afárá olókùn tí wọ́n ta gba orí igi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè gùn ún bí àgbà bá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kó dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú èmi. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Tí oòrùn bá ti mú, àwọn ẹranko á ti wọ ibòji lọ sùn, ẹ̀yìn wọn nìkan lẹ máa rí, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òun fẹ́ lọ sílé.

Èyí tí ọmọ mi fẹ́ràn jù ni Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò. Bí ẹ bá kí wọn dáadáa, tí ẹ sì ra ìkòkò kékeré kan, wọ́n lè fún ọmọ ní amọ̀ kó fi ṣeré. Kò sí ohun ìṣeré tí wọ́n ń tà ní ilé ìtàjà Palms tó dà bí i. (Palms wà ní Fate níbí, ẹ lọ jẹ áísìkirimù, kí ẹ padà wálé. Kí ló wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì rí ní Ítálì?) Ní Ìdí-Àpẹ náà, òkúta tí wọ́n ní àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ fi ń lọ irin wà níbẹ̀, òun ni wọ́n ní ó bí orúkọ Ìlọrin. Ọmọ mi bi mí bóyá òun lè pọ́n síbí níbẹ̀.

Tí ẹ bá ní mọ́tò fún odindi ọjọ́ kan, ẹ gba ọ̀nà Ajáṣẹ́-Ìpo lọ sí Ẹ̀ṣíẹ́. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1945, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní 800, àwọn kan jókòó, àwọn kan mú nǹkan lọ́wọ́. Ìtàn ìlú náà ní àlejò ni wọ́n, pé wọ́n di òkúta. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún ọmọ kí ẹ tó wọlé, ẹ máa rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jáde nílùú, ẹ bi ará ibẹ̀ léèrè bí ọ̀nà ṣe rí, kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi Owu tó ń já láti orí àpáta wù mí, àmọ́ nítorí àwọn ajínigbé, mi ò ní gbé ọmọ kékeré lọ síbẹ̀ báyìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ nǹkan yìí gan-an.

Ní 2022, kí wọ́n tó wá, àbúrò yìí bi mí bóyá kí òun fún ọmọ ní oògùn tó ń dènà ibà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ Yorùbá ni jàre, ẹ̀jẹ̀ wa ni." Ní ọjọ́ kejìlá tí wọ́n dé, ara ọmọ gbóná. Lóru, gìrì gbé e. Oru mẹ́ta la sùn sí ọsibítù. Ìyá rẹ̀ ò bá mi wí o, bẹ́ẹ̀ ni kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí. Agbára tí ara wa ní láti bá ibà jà, a kì í bí i mọ́ ọmọ bí a ṣe ń bí àwọ̀ dúdú. Kí ẹ̀fọn máa jẹni, kí ibà máa ṣeni léraléra, ìyẹn ló ń kọ́ ara, tí èèyàn bá sì ti kúrò nílé fún ọdún mélòó kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Bologna, bíi ọmọ Ítálì ni lójú ẹ̀fọn Fate. Ìyá rẹ̀ gan-an kò ní ìdánilójú mọ́.

Nítorí náà, kí wọ́n rí dókítà lọ́hùn-ún kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì pàápàá. Bí ọmọ ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn oògùn náà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù, wọ́n á lò ó níbí, wọ́n á sì máa lò ó lọ fún ìgbà tí dókítà bá sọ lẹ́yìn tí wọ́n bá padà. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà wà, fún ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, kó sì ku ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, kí wọ́n tó gbéra. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí ló ń jẹni jù. Ẹ wá rí i pé àárọ̀ tí mo ní kí ẹ máa jáde, kì í ṣe nítorí ẹranko nìkan. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, aṣọ alápá gígùn, lóru, nẹ́ẹ̀tì. Ọyẹ́ ń dín ẹ̀fọn kù, kò lé wọn tán. Tí ara ọmọ bá sì gbóná lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Ítálì, kódà lẹ́yìn oṣù méjì, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì la ẹnu sọ pé Nàìjíríà làwọn ti bọ̀. Dókítà ibẹ̀ lè rò pé òtútù lásán ni.

Ti oúnjẹ ò gùn. Wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín nínú epo gbígbóná, kó jẹ ẹ́. Èyí tó wà nínú omi rẹ̀, rárá. Bí inú bá ń ṣu ọmọ, ẹ ra ORS ní ilé oògùn. Bí kò bá sí, omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí, kí ṣíbí má kún kọjá etí. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ rí dókítà.

Mo ti fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí i ní ohùn, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé ọkọ òun ò ní sùúrù láti gbọ́ ọ tán. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa lọ rí dókítà. Ó tún béèrè bóyá ọ̀já tí ọjọ́sí ṣì wà. Ó wà.