Ọ̀dà Tuntun Lára Mọ́tò: Oṣù Àkọ́kọ́ Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Ní ìdíkọ̀ kan ní Kétu, díẹ̀ ló kù kí awakọ̀ kan àti ọ̀gá tó kun mọ́tò rẹ̀ wọ̀yá ìjà. Awakọ̀ yìí máa ń kó àwọn ìyá oníṣòwò lọ sí Àjàṣẹ́. Ó ti fi owó pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó rí èyí tó fi kun mọ́tò náà. Lọ́jọ́ tí mọ́tò jáde, ó ń dán bíi dígí. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìlà funfun kan ti ṣàn wálẹ̀ láti ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ epo sí, ìlà wínníwínní ti gba gbogbo bónẹ́ẹ̀tì, òrùlé sì ní àbàwọ́n roboto tí kò ṣeé nù kúrò. Awakọ̀ ní ọ̀dà ayédèrú ni wọ́n fi kun ún. Ọ̀gá ní iṣẹ́ òun dára, pé olówó mọ́tò ni kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan tuntun. Ni wọ́n bá pè wá sí i. Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tó bá ń kọ ìròyìn gbọ́dọ̀ mọ gbogbo nǹkan.

A wo mọ́tò náà dáadáa, a sì bi àwọn mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ náà léèrè. Ohun tí a rí ni pé ọwọ́ ọ̀dà mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá kò sọ, awakọ̀ kò sì bèèrè.

Ohun tó yẹ kí ọ̀gá sọ lọ́jọ́ tó ń dá kọ́kọ́rọ́ padà ni pé ọ̀dà tó gbẹ lójú kò tíì gbẹ nínú. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kejì, kò ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n tínà tí wọ́n fi pò ó ṣì wà nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde. Ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, inú yàrá gbígbóná ni wọ́n ń ti mọ́tò sí, kí ara irin rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí dígírì 60 fún bí ìṣẹ́jú 30, kí ọ̀dà lè tètè le. Lọ́dọ̀ tiwa, abẹ́ páànù tàbí ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni ààrò wa. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 30 kí ó tó le dénú, òmíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ara ọmọ tuntun ni: ohun tí kò ní ṣe ara àgbà ní nǹkan kan lè dá egbò sí i.

Epo ló ba mọ́tò yìí jẹ́ jù. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ra kpayo létí títì: ìgò, àrọ, àti akísà kan tó ti rí mábo. Ọmọ tó ń tà á ń kánjú, epo á ta sí ara mọ́tò, akísà yẹn náà ni yóò sì fi nù ún. (Ká má tíì sọ ti iná, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Tínà àti bẹntiróòlù, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí bẹntiróòlù bá kan ọ̀dà tí kò tíì le, á mú un rọ̀, akísà á sì fà á lọ. Ìlà funfun tí a rí nìyẹn. Ẹ ní àrọ tiyín, èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ epo sí kí wọ́n tó dà á. Bó bá sì ta sí i, omi púpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà lé e, ẹ má fi nǹkan gbígbẹ nù ún.

Irú ọ̀dà méjì ló wọ́pọ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń sanwó fún. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń fi tínà nìkan pò. Ó yá gbẹ, kò sì wọ́n, àmọ́ títí ayé ni tínà yóò máa yọ́ ọ. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń da omi amúnile mọ́ kí wọ́n tó fín in. Bí ìyẹn bá ti le tán, bẹntiróòlù tó ta sí i díẹ̀ kò ní tètè rí i gbé ṣe. Ẹni tó bá ra mọ́tò àlòkù ní Kútọnu, tó sì fẹ́ mọ èyí tó wà lára rẹ̀, kó fi tínà díẹ̀ sára akísà funfun, kó fi pa kọ́lọ́fín kan nínú ẹnu ilẹ̀kùn. Bí àwọ̀ bá bá akísà wá, irú àkọ́kọ́ ni. Ẹ má dán an wò lára ọ̀dà tuntun o.

Ìlà wínníwínní orí bónẹ́ẹ̀tì, àkísà gbígbẹ ló fà á. Eruku pupa wa yìí, yanrìn wà nínú rẹ̀, yanrìn sì le ju ọ̀dà lọ. Ẹni tó fi aṣọ gbígbẹ nu eruku lára mọ́tò kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi sáńpépà ha á. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ń bo mọ́tò ní gbogbo òwúrọ̀, ọwọ́ á máa yún awakọ̀ láti nù ún. Ẹ ní sùúrù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú eruku rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi tútù ni kó kọ́kọ́ ṣàn lé e, kí ẹ tó fi aṣọ rírọ̀ kàn án. Garawa méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan aṣọ, kí yanrìn má baà padà sára mọ́tò. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ elétùú, ẹ má sì lo kàn-ìn-kàn-ìn. Àwọn ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò, ẹ ní kí wọ́n dúró sókèèrè.

Ìpara tó ń mú mọ́tò dán ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó pé oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nítorí ńṣe ló ń dí ojú ọ̀dà tí tínà kò fi ní ráyè jáde. Tapólì náà kò dára, ooru tó ń há sábẹ́ rẹ̀ lè mú kí ọ̀dà wú.

Àwọn àbàwọ́n òrùlé, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti wá. Oje igi ń kán sílẹ̀, ẹyẹ ń yàgbẹ́ lọ́sàn-án, àdán gbà á lóru. Bí ìgbẹ́ ẹyẹ bá gbẹ sórí ọ̀dà nínú oòrùn, ó máa ń jẹ ẹ́ wọlé. Ẹ má fi èékánná ha á. Ẹ da aṣọ tó rin gbingbin lé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó rọ̀, kí ẹ wá gbé e kúrò jẹ́jẹ́. Lójú tiwa, ẹni tí kò bá ní ibòji mìíràn, oòrùn sàn fún un ju abẹ́ máńgòrò lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa oníṣòwò, ọ̀rọ̀ kàn yín níhìn-ín. Apẹ̀rẹ̀ ata àti àpò gàrí tí wọ́n ń fi okùn dè mọ́ òrùlé, bí mọ́tò ṣe ń mì ni okùn ń ha ọ̀dà. Bí awakọ̀ yín bá ní òun kò lè gbé ẹrù sórí òrùlé ní oṣù yìí, ẹ má bínú sí i.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi lé yín lórí. Bí ọ̀dà bá ń ṣí bí èèpo láàárín oṣù díẹ̀, tí kò sí nǹkan tó gbá a, wọn kò ha ara mọ́tò dáadáa kí wọ́n tó kùn ún ni. Bí ihò wínníwínní bíi ojú ẹja bá wà nínú rẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́, òróró ló wà lára irin tí wọn kò nù kúrò. Ìwọ̀nyí, ọ̀gá ló ni wọ́n.

Nígbà tí a ṣàlàyé báyìí tán, ọ̀gá gbà láti tún ẹ̀gbẹ́ ibi tí epo bà jẹ́ kùn láìgba owó iṣẹ́, awakọ̀ sì ra ọ̀dà. Bónẹ́ẹ̀tì di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ìpara á ká ìlà rẹ̀. Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò kékeré kan fún awakọ̀, kó máa fi kan ojú ibi tí òkúta bá ta lù, kí ìpẹtà tó dé ibẹ̀. Nígbà tí a rí i kẹ́yìn, àrọ tirẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó, ìgò ọ̀dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ́tò sì kún fún eruku.