Ẹ̀mí Ẹ́ńjìnnì Lórí Okùn Rọ́bà: Bí Ọ̀rẹ́ Mi Ṣe Tú Ferrari Nínú Gáréèjì Ilé Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n inú gáréèjì kékeré kan ní ìlú Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti fi ojú ara mi rí ìtumọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀ láti kí ọ̀rẹ́ mi kan, mo bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pupa kan tí a gbé sókè lórí irin mẹ́rin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo bí ikùn ẹran tí alápatà ti yọ ìfun rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jókòó sórí tábìlì irin kan lẹ́bàá ògiri, a sì fi aṣọ funfun bò ó. Ferrari F355 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí bí kò ṣe nínú àwòrán. Ẹni tí ó tú u kì í ṣe mẹkáníìkì rárá. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ni ọkọ̀ gan-an ni.

Mo bi í léèrè ohun tí ó dé tí kò fi gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Owó tí wọ́n ní kí n mú wá ju agbára mi lọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì fẹ́ tà á."

Ọgbọ̀n ọdún ni ọ̀gbẹ́ni náà fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń rọ irin kí ó tó fẹ̀yìn tì. Apá kan nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni ó fi ra ọkọ̀ náà ní àlòkù. Aya rẹ̀ kò bá a jà nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà bá a dá májẹ̀mú kan: bí ẹ́ńjìnnì náà bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọn yóò ta òkú ọkọ̀ náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, a kò sì ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé náà. Ọ̀rẹ́ mi gbà bẹ́ẹ̀.

ILÉ TÍ ỌKỌ̀ NÁÀ TI WÁ

Enzo Ferrari, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí a bí ní Modena ní ọdún 1898, ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1947 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde ní ìlú kékeré tí a ń pè ní Maranello. Ọkùnrin náà kú ní ọdún 1988, nítorí náà kò rí F355, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1994 tí wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní 1999.

Orúkọ ọkọ̀ náà ní ìtumọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gba lítà mẹ́ta àti ààbọ̀, ìyẹn ni 35. Fáàfù márùn-ún ni ó sì wà lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni 5 tí ó kẹ́yìn. Sìlíńdà mẹ́jọ ni ó ní. Bí ẹ bá sọ márùn-ún di ọ̀nà mẹ́jọ, ẹ ó rí i pé ogójì fáàfù ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 380. Kì í ṣe iwájú ni wọ́n gbé e sí gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a mọ̀; ẹ̀yìn àga awakọ̀ ni ó wà.

OKÙN RỌ́BÀ TÍ Ó DI Ẹ̀MÍ MÚ

Ó yẹ kí á ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn òǹkàwé wa tí kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù, pístìnì a máa lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, òun ni í sì ń yí ọ̀pá kíráńkì tí ó wà nísàlẹ̀. Lókè sìlíńdà ni àwọn fáàfù wà. A lè pè wọ́n ní ilẹ̀kùn kéékèèké: àwọn kan ń ṣí kí afẹ́fẹ́ àti epo lè wọlé, àwọn yòókù ń ṣí kí èéfín lè jáde. Ọ̀pá mìíràn tí a ń pè ní káàmù ni í ń tì wọ́n ṣí. Bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, káàmù gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan géérégé, kò gbọdọ̀ yá jù, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ jù.

Bẹ́líìtì rọ́bà tí ó ní eyín ni ó so kíráńkì àti káàmù pọ̀ nínú F355. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ ẹni tí ń lu ìyáàlù láàárín àwọn onílù. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo wọn bá ń gbọ́ ara wọn, ijó a dùn. Ṣùgbọ́n bí omele bá ṣi ẹsẹ̀ ìlù gbé, oníjó yóò kọsẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ìkọsẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Bí bẹ́líìtì náà bá já, tàbí tí eyín rẹ̀ bá fò, fáàfù tí ó yẹ kí ó ti padé yóò ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí pístìnì bá ń bọ̀ lókè. Irin yóò kọ lu irin, fáàfù yóò tẹ̀, pístìnì a sì lè lu.

Ẹ kíyè sí bí eré náà ti pọ̀ tó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà bá wà lẹ́nu agbára rẹ̀, kíráńkì a máa yí nígbà 8,250 ní ìṣẹ́jú kan. Èyí túmọ̀ sí pé pístìnì kọ̀ọ̀kan ń lọ ó sì ń bọ̀ ju ìgbà 137 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan sì ń ṣí ó sì ń padé ní nǹkan bí ìgbà 69. Kí ènìyàn tó pa ojú dé kí ó tún là á, ìparun ti parí.

Ohun tí ó sì tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé rọ́bà a máa gbó bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Nítorí náà, kì í ṣe máìlì nìkan ni a ń kà. A ń ka ọdún pẹ̀lú. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú sábà máa ń dá kí a tó pààrọ̀ bẹ́líìtì irú ẹ́ńjìnnì yìí.

ÌDÍ TÍ A FI Ń YỌ ODIDI Ẹ́ŃJÌNNÌ

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé nítorí bẹ́líìtì lásán ni a ṣe ń tú ọkọ̀ palẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Iwájú ẹ́ńjìnnì náà, níbi tí bẹ́líìtì wà, ni ó fara ti ògiri tí ó wà lẹ́yìn àga. Ọwọ́ kò kọjá níbẹ̀, sípánà kò sì wọ̀ ọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó wà ni kí a tú ẹ́ńjìnnì àti gíá-bọ́ọ̀sì pẹ̀lú férémù irin tí ó gbé wọn, kí a sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ láti abẹ́, kí a sì gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Ṣéènì irin ni ilé iṣẹ́ náà ń lò nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ìgbà àtijọ́. Ọdún 1973 ni bẹ́líìtì rọ́bà dé inú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún aráàlú, nítorí ó fúyẹ́, kò sì pariwo. Nígbà tí 360 Modena rọ́pò F355 ní 1999, wọ́n ṣe ojú ihò kan sẹ́yìn àga tí a lè gbà dé ìdí bẹ́líìtì láìyọ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí F430 sì jáde ní 2004, wọ́n padà sí ṣéènì. F355 ni tirẹ̀ dúró bí wọ́n ti ṣe é, ẹni tí ó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ tòun ti wàhálà rẹ̀.

IṢẸ́ NÁÀ BÍ MO TI RÍ I

Ọ̀sẹ̀ méje ni ọ̀rẹ́ mi fi ṣe iṣẹ́ náà, mo sì wà níbẹ̀ fún díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwòrán tí ó yà pọ̀ ju sípánà tí ó gbé lọ. Kí ó tó tú wáyà kan, yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò so ìwé pélébé mọ́ ọn, yóò sì kọ nọ́ńbà sí i. Bóòtù tí ó bá tú, inú ike kékeré ni yóò kó o sí, yóò kọ orúkọ ibi tí ó ti wá sí i lára. Ó tú bátìrì, ó fa omi rédíétọ̀ àti epo ẹ́ńjìnnì jáde, ó tú sàlẹ́ńsà, ó sì fi ọjọ́ méjì gbáko sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń wò bóyá wáyà kan tàbí páìpù kan ṣì há sókè.

Kò wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró rí. Ó ní jáàkì kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Kò jẹ́ kí iná tàbí sìgá dé gáréèjì náà nígbà tí ó ń tú páìpù bẹntiróòlù, ohun tí a fi ń pa iná sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ó tó àkókò láti yọ bẹ́líìtì, ó fi sípánà gígùn yí kíráńkì pẹ̀lú ọwọ́ títí àwọn àmì ara ẹ́ńjìnnì fi ṣe déédéé. Ó fi irin mú ọ̀pá káàmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le, nítorí sípíríǹgì fáàfù lè ta ọ̀kan nínú wọn yí bí bẹ́líìtì bá ti kúrò. Bí a ti ṣí ibẹ̀, kò pààrọ̀ bẹ́líìtì nìkan. Ó pààrọ̀ rólà tí ń mú un le, ó pààrọ̀ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo yọ lẹ́nu ọ̀pá káàmù, ó sì pààrọ̀ àwọn páìpù omi tí ó ti gan. Ó ní aláìgbọ́n ni yóò la ikùn aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì fún àrùn tí ó lè wò lẹ́ẹ̀kan.

Álúmíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì náà, bóòtù irin a sì máa tètè jẹ ojú ihò rẹ̀ run. Nítorí náà, sípánà tí ń wọn agbára ni ó fi ń dè wọ́n. Bí ó bá ti ta kọ́, ọwọ́ dúró.

EYÍN KAN ṢOṢO

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ó fi bẹ́líìtì tuntun sí i, ó sì mú un le. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀rẹ́ mi ní ó kù. Ó tún gbé sípánà gígùn náà, ó yí kíráńkì lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọwọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń yí ọmọ ìkókó padà lójú oorun. Lẹ́yìn náà ni ó mú iná tọ́ọ̀ṣì, ó wo àmì kìíní, ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta. Nígbà tí ó dé ìkẹrin, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Káàmù kan ti yẹ̀ ní eyín kan. Nígbà tí ó ń mú bẹ́líìtì le, apá tí ó dẹ̀ ti fà á yẹ̀ láìjẹ́ kí ó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdùnnú ti pa á lọ́tí, tí ó sì dá ẹ́ńjìnnì náà padà láìyẹ̀ ẹ́ wò, ewu ńlá ni ì bá gbé wọ inú ọkọ̀, kò sì ní mọ̀ títí yóò fi ṣí kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ó jókòó sórí àpótí fún ìgbà díẹ̀. Aya rẹ̀ gbé tíì wá fún wa, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, kò sì béèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn tíì náà, ọ̀rẹ́ mi fọ ọwọ́, ó ti ilẹ̀kùn gáréèjì, ó ní ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn kì í fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí ó tó tú u, kí ó tún un dè. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀mejì. Àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe déédéé. Síbẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣí i, a ti ti ọkọ̀ náà jáde sí gbangba, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí a tì pa a máa pa ènìyàn láìpariwo. Ó kọ́kọ́ dá epo bẹntiróòlù dúró, ó fi stáátà yí ẹ́ńjìnnì títí epo amẹ́rọyọ̀ fi dé gbogbo kọ̀rọ̀, ọwọ́ géèjì sì gòkè. Nígbà náà ni ó tó ṣí i. Ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bú, ó sì dúró sójú kan, ohùn rẹ̀ ń lọ geere. Aya rẹ̀ dúró lójú fèrèsé. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì padà sí ilé ìdáná.

OHUN TÍ ỌLỌ́KỌ̀ LÈ RÍ KỌ́

N kò kọ èyí láti rán ẹnikẹ́ni lọ tú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò ní irinṣẹ́, tí kò sì ní ẹni tí ó lè bi léèrè, kí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹni tí yóò ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́la yóò fẹ́ mọ ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rẹ́ mi fi kó gbogbo rìsíìtì àti àwòrán rẹ̀ jọ sínú fáìlì kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì kì í ṣe ti olówó Ferrari nìkan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò níyì tó bẹ́ẹ̀, tí a ń gùn lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́, ni ó ń lo bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè bóyá bẹ́líìtì ni tiyín tàbí ṣéènì, kí ẹ sì béèrè ọdún tí a ti pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn.

Kí n tó kúrò ní Birmingham, mo gba bẹ́líìtì àtijọ́ náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Kò sán, kò fàya, eyín rẹ̀ pé. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò ó yóò ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lẹ́yìn ni mo wò: ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti lò lẹ́nu iṣẹ́.