Ọjọ́ Mélòó Ni Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Yóò Lò Nínú Ìkòkò?

Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ń pọn ọtí àgbàdo fún ọdún tẹ́lẹ̀ ti fi ọtí ìgò rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ a máa tètè kan, tàbí pé a máa mú inú wú. Ẹ̀bi ọtí kọ́; ẹ̀bi àìmọ àkókò ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń pọn ọ́n. A ó rẹ àgbàdo sínú omi fún nǹkan bí ọjọ́ 2, a ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 5 kí ó hù. Híhù yìí ni ó ń sọ ògì inú hóró di adùn. Èyí tí ó bá bu, kí a ṣà á dànù, nítorí oró lè wà nínú rẹ̀. A ó sá ìyókù gbẹ, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sì sẹ́ ẹ. Nígbà tí omi rẹ̀ bá tutù, ìwúkàrà yóò máa jẹ adùn náà, yóò sì máa sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń mú un hó.

Àwọn tí ń pọn ọtí ọkà bálì nílé wọn ní ìlú òyìnbó a máa fi í sílẹ̀ hó fún ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ojú ọjọ́ wọn tutù, wọ́n ń dé e pa, wọ́n sì ń fi òdòdó kíkorò kan sí i kí ó má bàa tètè bàjẹ́. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ọjọ́ 1 sí 3 tó fún un.

Síbẹ̀, ìkòkò ni kí a wò, kì í ṣe òǹkà ọjọ́ nìkan. Bí ó bá ṣì ń hó gidigidi, tí adùn rẹ̀ sì pọ̀, kò tíì tó mu. Òun ni ó ń mú inú wú. Bí ìfófòó bá rọlẹ̀, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì sílẹ̀, tí adùn dínkù, tí ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ó ti tó mu. Kí a rọra dà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí a sì mu ún lọ́jọ́ náà. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, ọtí kíkan ni yóò dà. Bí a bá sì dé e pa sínú ìgò, ìgò lè bẹ́.

Nítorí náà, láti ọjọ́ ọdún ni kí a ti kà á padà sẹ́yìn. Kí a ti sá àgbàdo híhù gbẹ ṣáájú. Kí a sè é ní ọjọ́ 2 sí ọdún. Kí a sì máa tọ́ ọ wò láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú igbá mímọ́.

Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbàgbé orúkọ ọtí yìí. Chequeté ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àgbàdo ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Kò yẹ kí àwa tí a wà nílé sọ ọ́ nù. Kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó ti ìyá àgbà kan nídìí ìkòkò kí ọdún tí ń bọ̀ tó dé. Ọdún yóò yabo. Àṣẹ.