Ayò Lábẹ́ Odán

Bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, tí ooru sì mú, abẹ́ igi odán ni àwọn baba wa máa ń forí lé. Ọpọ́n ayò ti wà níbẹ̀: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì péré ní í ta á, ṣùgbọ́n èrò a pé lé wọn lórí. Ọ̀ta a máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, òǹwòran a máa sọ̀rọ̀ ju ẹni tí ń ta ayò lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ̀bá iná tí wọ́n ń yá láàárọ̀ ni ẹ̀fẹ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ amúlétutù ti gba iṣẹ́ odán, ògiri gíga sì yí ilé wa ká. (N kò bá ògiri jà, olè pọ̀.) Nígbà tí bàbá mi wá gbé ọ̀dọ̀ mi, mo rò pé mo ti tọ́jú wọn tó: yàrá tútù, tẹlifíṣọ̀n, oúnjẹ lásìkò. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń dín kù lójoojúmọ́. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, wọ́n bi mí pé, “Ta ní ń gbé ẹ̀yìn ògiri yìí?” N kò mọ̀. Ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ibẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n gbé àga lọ sí ìta, sábẹ́ igi máńgòrò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, aránṣọ kan ní òdìkejì títì ti gbé ọpọ́n ayò wá bá wọn. Èmi ń máàkì ìwé ìdánwò nínú ilé nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi. Mo gbé kálàmù sílẹ̀, mo sì jáde lọ bá wọn.