Kí Ẹsẹ̀ Tó Wúwo: Bí Ó Ṣe Yẹ Ká Tún Ilé Àwọn Òbí Wa Ṣe

Bí ọmọ tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun bá fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi tún ilé Bàbá àti Ìyá ṣe, kò ṣòroó mọ ibi tí owó náà yóò gbà lọ. Wọ́n á kun ilé lọ́dà, wọ́n á ṣe àjà POP sí pálọ̀, wọ́n á pààrọ̀ géètì, wọ́n á sì tẹ́ táìsì tó ń dán láti ẹnu ọ̀nà títí dé balùwẹ̀. Àlejò á wọlé, á yin ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá bá fẹ́ lọ tọ̀ láàárín òru, tí iná ti lọ, tí omi sì wà nílẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè dì mú nínú gbogbo ẹwà yẹn. Èrò tèmi ni pé láti ilẹ̀ ló yẹ kí àtúnṣe ilé àgbàlagbà ti bẹ̀rẹ̀: ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ibi tí ọwọ́ ń dì mú, ibi tí ojú ti ń wá ìmọ́lẹ̀. Ìgbà tí ara wọn ṣì le ló sì yẹ ká ṣe é, kó má jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣubú tán la ó máa wá bíríkìlà kiri.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí ènìyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún. Nínú gbogbo ìjàǹbá, ti ojú pópó nìkan ló ń pa ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ti ju ẹni 60 ọdún lọ ló pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn òkú náà lọ tó jẹ́ ará ilẹ̀ tí owó kò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, irú tiwa. Ẹni tí ìṣubú kò pa lójú ẹsẹ̀ lè kán ní egungun ìbàdí, kó wà lórí ìdùbúlẹ̀ títí egbò yóò fi yọ sí i lẹ́yìn, tí àìsàn àyà yóò sì bá a níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹjọ́ sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá ilé. A ti di ẹ̀bi ìṣubú àgbà ru ayé tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí a kì í bojú wo ilẹ̀ tó yọ̀ wọ́n.

Ilẹ̀ tó yọ̀ yìí ṣeé tún ṣe, àtúnṣe náà sì ní ẹ̀rí. Ní agbègbè Taranaki ní orílẹ̀-èdè New Zealand, àwọn olùwádìí fi bí ìbò ṣe mú ilé 842 pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n tún apá kan ṣe: wọ́n fi irin ìdìmú sí àtẹ̀gùn àti balùwẹ̀, wọ́n tan iná sí ìta, wọ́n sì fi ohun tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ sí ibi tí omi máa ń wà. Apá kejì ní láti dúró de ìgbà tí ìwádìí bá parí. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 2015, ìpalára tí ìṣubú nínú ilé ń fà ti fi ìdá 26 nínú 100 dín kù ní àwọn ilé tí wọ́n tún ṣe. Ẹnì kan lè ní ilé òyìnbó kì í ṣe ilé wa, pé igi ni wọ́n fi kọ́ tiwọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tún ṣe níbẹ̀ ni omi nílẹ̀, òkùnkùn, àti àìrí ohun dì mú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pọ̀ nílé wa ju tiwọn lọ.

Bí òrùlé bá ń jò, òun nìkan ló yẹ kó ṣáájú ilẹ̀, torí páànù tó ń jò yóò ba gbogbo iṣẹ́ ìsàlẹ̀ jẹ́. Ìyẹn ò gba àlàyé. Balùwẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Táìsì tó dára ní pálọ̀ di ewu níbẹ̀, bí omi ọṣẹ bá ti dà sí i. Ẹ béèrè èyí tí ojú rẹ̀ ṣe ṣákiṣàki. Bí owó rẹ̀ kò bá sí, sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà fi ìgbálẹ̀ wọ́ lójú kí ó tó gbẹ sàn ju èyí tó dán bọ̀rọ́ lọ. Kí ilẹ̀ náà sì dà síbi ihò omi, kí omi má dúró. Lẹ́yìn èyí ni irin ìdìmú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ṣe àṣìṣe. Búlọ́ọ̀kù oníhò la fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa. Ìṣó tàbí síkírúù tí a gbá mọ́ ọn lè tú lọ́jọ́ tí àgbàlagbà bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ irin náà, irin tó tú mọ́ni lọ́wọ́ sì burú ju àìsí irin lọ. Kí bíríkìlà lu ògiri níbi tí irin yóò wà, kó rọ kọnkéré kún ihò búlọ́ọ̀kù, kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó de irin mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ilé alámọ̀, òpó irin tí a fi kọnkéré rì mọ́lẹ̀ ló tọ́. Irin lásán á dógùn-ún láìpẹ́. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdìmú àtẹ̀gùn ní báńkì ni kí ẹ rà, kí ó sì mọ níwọ̀n tí ọwọ́ yóò fi yí i ká, bí ínṣì kan àbọ̀. Ọ̀tún àti òsì ló yẹ kó wà, torí bí rọpárọsẹ̀ bá mú ènìyàn, ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń mú. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ní láti máa ṣí síta: ẹni tó bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ni yóò dènà mọ́ ẹni tó fẹ́ gbé e. Ní ti ṣáláńgá, orúnkún àgbà kò gba ìlóṣòó mọ́. Ẹ mọ ìjókòó sí i lórí, kó ga tó ínṣì 18.

Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà náà ń pa ènìyàn, pàápàá èyí tí gíga rẹ̀ kò dọ́gba, torí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ máa ń retí níbi tó kù. Bí a bá fẹ́ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dípò rẹ̀, ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi sínú òfin wọn wúlò: ẹsẹ̀ bàtà kan sókè gba ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní gígùn. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀kadà kọ́ nìyẹn. Ní àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà káàkiri Èkó, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú, ohun tó dára jù ni pé kí a gba yàrá kan padà lọ́wọ́ ayálégbé nísàlẹ̀, kí a ṣe balùwẹ̀ sí i. Iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ń dé inú ẹyinjú ẹni 60 ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹni 20 ọdún lọ, nítorí náà, ẹ fi iná sólà kékeré sí ọ̀nà yàrá sí balùwẹ̀.

Àwọn kan á ní kí la bímọ fún, bí kò bá sí ẹni tí yóò di Ìyá lọ́wọ́ mú? Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ọmọ tó yẹ kó dì wọ́n mú ló fi owó ránṣẹ́ láti Èkó tàbí Houston yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ sì ń sùn lóru. Àwọn mìíràn á ní kí a kúkú kó wọn wá sí Èkó. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé kò ní sí ọ̀nà mìíràn bí àìsàn bá le. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó fi ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ sílẹ̀, tó wá jókòó sí fúláàtì lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì láti àárọ̀ dalẹ́, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ti owó ni mo gbà pé ó wúwo, àmọ́ ètò ló ń yanjú rẹ̀: balùwẹ̀ lọ́dún yìí, àtẹ̀gùn lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dà lẹ́yìn. Àtakò tó le jù ń ti ẹnu àwọn òbí fúnra wọn wá, pé ẹ ò ní sọ àwọn di arúgbó. Ètò kan tó ń jẹ́ CAPABLE, tí Sarah Szanton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, fi ọ̀nà kan hàn wá. Nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ojoojúmọ́, àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń lọ sílé àgbàlagbà, àgbàlagbà náà ló sì ń sọ ohun tí òun fẹ́ máa dá ṣe fúnra òun, yálà wíwẹ̀ ni tàbí sísọ̀kalẹ̀ nínú ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí a bá béèrè báyìí, Bàbá yóò rí i pé a kò fẹ́ gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí òbí yín kò tíì pé 70 ọdún, ìsinsìnyí ni kí ẹ ṣe é. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ rin ọ̀nà yàrá sí balùwẹ̀ lóru láìtan iná, ẹ bi Ìyá léèrè ibi tó ń nira fún wọn, kí ẹ sì dúró ti bíríkìlà títí yóò fi rọ kọnkéré sínú ògiri náà.