Ìpara "Nano": Kí Ló Ń Wọ Ara Wa Gan-an?

Lẹ́yìn àsálàátù ọjọ́ Sunday tó kọjá, Alhaja kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yọ ike ìpara kan láti inú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ọmọ mi ló rà á. Yìgì rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní òun fẹ́ kí ara òun dán. Wọ́n ní nano ni, pé ó ń wọ ara dé egungun."

Mo gba ike náà. Wọ́n kọ "Nano" gàdàgbà sí i lára, wọ́n kọ "Collagen" sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán obìnrin kan tí ara rẹ̀ ń kọ mànà. Mo yí ìdí rẹ̀ wò. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí àdírẹ́sì, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n pò pọ̀ sí. Mo sọ fún Alhaja pé kí wọ́n fi ike náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí ọmọ má tíì fọwọ́ kàn án, àti pé n óò kọ èsì mi sí ojú ìwé yìí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ti bi mí.

Ẹ mú rúlà tí àwọn ọmọ ń lò ní ilé ìwé. Àlàfo tó wà láàárín ìlà kékeré méjì lórí rẹ̀ ni milímítà kan. Tí a bá pín milímítà kan yẹn sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan ṣoṣo níbẹ̀ ni nánómítà. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nánómítà. Nano kì í ṣe orúkọ oògùn, ìwọ̀n ni, bí ìgbà tí a bá ní kóńgò tàbí mùdù. Ẹni tó bá pariwo pé mùdù kan ni òun ń tà kò tíì sọ fún yín bóyá gàrí ni tàbí ẹ̀wà.

Awọ ara wa, ògiri ni. Lókè rẹ̀ pátápátá, ìpele kan wà tí ó fẹ́lẹ́ ju fọ́nrán irun lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ló tò síbẹ̀ bíi búlọ́ọ̀kù, ọ̀rá sì wà láàárín wọn bíi símẹ́ǹtì. Ògiri yìí ni kì í jẹ́ kí omi inú ara wa gbẹ tán. Òun náà ni kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá tí a ń dà sára lójoojúmọ́ wọ inú wa lọ.

Ṣùgbọ́n ògiri náà ní àlàfo fún ohun tó bá kéré tó. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Dalton, tí wọ́n fi ń mọ bí hóró ohun kan ṣe tóbi tó. Ní ọdún 2000, Bos àti Meinardi kọ ọ́ pé ohun tó bá ti ju 500 Dalton lọ kì í sábà ráyè kọjá nínú awọ tí kò ní ọgbẹ́. Nicotine tó wà nínú sìgá jẹ́ 162, ó ń kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fi í sínú plásítà tí ẹni tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ apá. Scopolamine tí wọ́n ń lẹ̀ sí ẹ̀yìn etí kí èèyàn má baà bì nínú ọkọ̀ jẹ́ 303, òun náà ń kọjá. Láti ọdún 1979 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí plásítà rẹ̀. Insulin ńkọ́, tí àwọn alátọ̀gbẹ inú wa máa ń béèrè ìdí tí kò fi ní plásítà? Ó lé ní 5,800. Ẹnu ọ̀nà kò gbà á, àfi kí a gún un ní abẹ́rẹ́.

Ibí yìí ni iṣẹ́ nano ti wọlé. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé Alec Bangham ní Britain ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀rá kan, tí wọ́n bá bọ́ sínú omi, máa ń ká ara wọn bí àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Liposome ni wọ́n ń pe àpò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá ni símẹ́ǹtì ara wa, ọ̀rá sì ni àpò náà, nítorí náà ó lè bá a ṣe, kí ó sì gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ dé ibi tí kì bá tí dé. Ilé iṣẹ́ Dior ní Faransé gbé ìpara olíposome jáde lọ́dún 1986. Ní 2003, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìpara Estrasorb, tí wọ́n fi hóró tó kéré bẹ́ẹ̀ gbé oògùn fún àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dá, tí ooru ń mú ní òru. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi pa nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ ni oògùn náà ń bọ́ sí.

Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni irú iṣẹ́ yìí ti ń lọ. Nítòsí wa níbí, ní Gáḿbíà, wọ́n dán plásítà kan wò tí abẹ́rẹ́ kéékèèké tí kì í dunni wà lára rẹ̀, láti fi gba àjẹsára éèyi fún àwọn ọmọdé. Ọdún 2024 ni èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet, ó sì dára. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí tóbi ju nano lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ògiri kan náà ni wọ́n ń wá ọ̀nà gbà kọjá. Èmi tí mo ti gbọ́ ẹkún ọmọ púpọ̀ lórí abẹ́rẹ́, inú mi dùn sí èyí ju ìpara ẹ̀wà èyíkéyìí lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí ike Alhaja. Collagen tí wọ́n fi ń yangàn tó nǹkan bí 300,000 Dalton. Tí wọ́n bá pa á mọ́ awọ, orí awọ ló máa jókòó sí. Ó lè mú kí ó rọ̀ díẹ̀, bí òrí ṣe ń mú un rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí a sábà máa ń bá nínú ìpara tí ń bó ara, tí wọn kì í kọ sára ike, ẹ wo tiwọn: hydroquinone jẹ́ 110, clobetasol jẹ́ 467. Wọn kò nílò nano kankan. Fúnra wọn ni wọ́n ń wọlé. Ohun tí wọ́n polówó fún ọmọ yẹn kò lè kọjá, èyí tí wọ́n fi pamọ́ sì lè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Clobetasol kì í ṣe ohun búburú lọ́wọ́ dókítà. Oògùn awọ tó lágbára ni, fún ọjọ́ díẹ̀, lórí ibi kékeré. Tí èèyàn bá wá ń fi í para láti orí dé ẹsẹ̀ fún oṣù mélòó kan, awọ á fẹ́lẹ́, á máa là, ọgbẹ́ kò ní tètè jinná, ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè dìde. Ti mẹ́kúrì tiẹ̀ burú jù. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́, ó sì ń dé ara ọmọ inú oyún. Ìyàwó tuntun tó ń para kí yìgì tó dé, tí oyún sì wọlé lóṣù kejì, ẹ ro ti ọmọ náà. Tí ẹ bá rí "calomel", "mercuric" tàbí "mercurous" lára ike, mẹ́kúrì ni gbogbo wọn.

Àwọn ìyá kan tún ń fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ pa ọmọ ọwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun rẹ̀. Awọ ọmọ pọ̀ sí ìwúwo ara rẹ̀ ju tiwa lọ, nítorí náà ìwọ̀n tí à ń pè ní díẹ̀ pọ̀ jù fún un. Ẹni tó bá sì ti ń lo ìpara alágbára tipẹ́, kí ó má kàn dá a dúró lójijì. Kí ó gbé ike rẹ̀ dání lọ bá dókítà. Kò sí ẹni tó máa bú u.

Nano tó wà nínú ìpara tí ń dá oòrùn dúró kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà mí. Zinc oxide àti titanium dioxide ni, wọ́n kàn lọ̀ wọ́n kúnná kí wọ́n má baà funfun lójú ẹni, orí awọ ni wọ́n sì ń dúró sí. Ní Yúróòpù, láti oṣù July 2013, òfin ní kí wọ́n kọ nano sí ẹ̀yìn orúkọ ohun tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ èròjà. Ẹ kíyè sí i: inú àkọsílẹ̀ èròjà, níbi tí ike Alhaja ti ṣófo.

Àwọn kan béèrè nípa plásítà oògùn àti àlùwàlá. Òkè apá, àyà tàbí ẹ̀yìn ni a sábà máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, omi àlùwàlá kì í sì dé ibẹ̀. Ti ìwẹ̀ jánábà, ẹ bi ààfáà yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i láìbi ẹni tó fún yín ní oògùn. Tí a bá sì ní aláìsàn jẹjẹrẹ nílé tó ń lo plásítà fentanyl fún ìrora, ẹ má ju èyí tó ti lò sí ibi tí ọmọ lè dé. Oògùn ṣì ń kù nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ti kú nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Alhaja pè mí lánàá. Ó ní ọmọ òun bínú fún ọjọ́ méjì, ó ní màmá òun kò mọ ohun tó ń lọ láyé. Ní ọjọ́ kẹta, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta òrí tó dára. Ike ìpara náà ṣì wà lórí tábìlì mi, mo ti fi ráńbà dì í. N óò gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC lọ́sẹ̀ yìí, in ṣá Allah.