Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìrànwọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga fún Olùkọ́ tí Ó Ń Wá Owó Ìwádìí

Ìfáárà
Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe àkójọ ẹ̀ka-èdè tí a ń sọ ní Ìlọ́fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oke-Ero, ìpínlẹ̀ Kwara, yóò wọ ọkọ̀ léraléra, yóò ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, yóò sì fi nǹkan dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ rẹ̀. Agbára káká ni owó-oṣù rẹ̀ fi lè gbé e. Bí ó bá sì ń fi iṣẹ́ náà falẹ̀, àwọn àgbà tí ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn ń pa ipò dà. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ibi tí owó ìwádìí ti ń wá àti ipa tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kó kí ó tó tẹ olùkọ́ lọ́wọ́.

Orísun Owó
Ní Nàìjíríà, àjọ TETFund ni ó súnmọ́ olùkọ́ jù. Òfin owó-orí ẹ̀kọ́ ti ọdún 1993 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń gbà. Òfin ọdún 2011 ni ó ya owó àjọ náà sọ́tọ̀ fún àwọn yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ti ìjọba. Ọ̀nà méjì ni owó ìwádìí rẹ̀ ń gbà jáde. Nínú ti àkọ́kọ́, ìgbìmọ̀ ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò yẹ àbá wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àjọ. Èkejì jẹ́ ìdíje jákèjádò orílẹ̀-èdè: olùwádìí yóò kọ́kọ́ fi àbá ní ṣókí ránṣẹ́, bí ó bá yege, a óò ní kí ó kọ ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa èdè, àṣà àti àwùjọ ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀.

Ipa Ilé-Ẹ̀kọ́
Àwọn yunifásítì bíi ti Ìbàdàn ní ọ́fíìsì tí ó ń mójú tó ìwádìí. Irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ń kéde àǹfààní lásìkò, ó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí a ṣe ná owó. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe kókó jù ni kíka àbá kí ó tó kúrò nílé.

Ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ Yorùbá ni ó sábà máa ń ṣe ìdájọ́ àbá. ‘Ẹ̀ka-èdè Ìlọ́fà’ jẹ́ àkòrí lásán, kì í ṣe ìbéèrè. Ìbéèrè ni: àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wo ni àgbà ṣì ń lò tí ọ̀dọ́ kò mọ̀ mọ́, kí sì ni ó fà á? Bákan náà, ‘owó ọkọ̀’ kò tó nínú ìṣirò. A gbọ́dọ̀ sọ iye ìrìn-àjò, iye ọjọ́ àti iye ènìyàn. Olùkọ́ láti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó bá ka àbá náà yóò tètè rí irú àléébù wọ̀nyí.

Àgbálọgbábọ̀
Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò ní ọ́fíìsì ìwádìí náà lè ṣe é. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yan ẹni méjì tí yóò máa ka àbá, kí ó pa àwọn àbá tí ó yege àti èyí tí kò yege mọ́ fún àrítọ́kasí, kí ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni láti inú iṣẹ́ àṣekágbá wọn bí a ti í gbé ìbéèrè kalẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.